Òfin Ilẹ̀kùn Títì

Obìnrin náà kì í ránṣọ nínú yàrá. Ẹnu ọ̀nà ló ti ń ránṣọ. Ìdajì ẹ̀rọ nínú ilé, ìdajì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àga onígi kan. Tìmùtìmù kan tó ti pẹlẹbẹ bíi búrẹ́dì tí èèyàn jókòó lé. Téèpù lọ́rùn láti àárọ̀ dalẹ́, débi pé lọ́jọ́ tí wọn ò bá rí téèpù lọ́rùn rẹ̀, wọ́n á béèrè bóyá ara rẹ̀ ò yá ni.

Àǹtí Télọ̀ ni gbogbo ilé ń pè é. Àwọn tó dàgbà jù ú lọ náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ pàápàá, tí inú bá ń bí i.

Ìdí tó fi ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà kò le. Ògiri ilé kejì ni fèrèsé yàrá wọn kọjú sí, ó sì sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè na ọwọ́ jáde kó họ ògiri náà lẹ́yìn. Ìmọ́lẹ̀ kì í gba ibẹ̀ wọlé. Fèrèsé ńlá tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹni tó ń fi ojú tó ti ń dàgbà ránṣọ kò lè máa bá òkùnkùn ṣeré.

Ìdí kejì ni pé ó fẹ́ràn láti máa wo èèyàn. Èyí ni kì í sọ.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Kọ́là yẹn ti yí sẹ́yìn."

"Ìwọ, dúró ná. Ta ló gé ṣòkòtò yìí fún ẹ? Ṣé ẹ jọ ń jà ni?"

"Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ ti sanra. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o, bọ́tìnnì yín ló sọ ọ́."

Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wà. Kò sí ẹni tó fẹ́ lọ sókè tí kò ní í kọjá níwájú ẹ̀rọ náà. Bí ẹnubodè.

Ilé alájà mẹ́ta ni, yàrá mẹ́sàn-án. Onílé ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá ara wọn ṣẹjọ́ lórí ilé náà, adájọ́ kò sì kánjú. Kò sí ẹni tó ń ṣàkóso. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà títí di ọjọ́ tí Káfíńtà tó wà nísàlẹ̀ àti Dírébà tó wà láàárín fi garawa lu ara wọn nídìí táńkì omi.

Ọjọ́ náà ni ọkọ Àǹtí Télọ̀ dìde. Akọ̀wé kóòtù ni kó tó fẹ̀yìn tì, Akọ̀wé náà ni wọ́n sì ń pè é. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi kọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń sọ sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù ú kí òun náà sọ nǹkan kan.

"Ohun tó sọnù nínú ilé yìí kì í ṣe omi," ó ní, garawa kan ṣì ń yí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ìwé òfin ni."

Ó wọlé lọ kọ ọ́. Ó kọ ọ́ dáadáa. Nígbà tó kà á sí wọn létí ní àgbàlá, ẹnu ya gbogbo wọn pé àwọn ni wọ́n ń sọ nínú ìwé. *Àwa tí à ń gbé inú ilé yìí.* Àwọn tí wọ́n ń fi garawa lura wọn lánàá. Abala kìíní sì dùn jù: *Olúkúlùkù ló lómìnira láti ṣe ohunkóhun tó bá wù ú nínú yàrá rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá wà ní títì.* Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ibi òmìnira ni àtẹ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ìyókù gbólóhùn náà.

Ètò ìdìbò rèé. Yàrá kan, ìbò kan. Tábìlì wà ní àgbàlá. Ẹni tó bá fara mọ́ àbá á gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ sórí tábìlì. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn á di tirẹ̀ mú. Àlejò lè na ọwọ́ sókè, Akọ̀wé ní, ṣùgbọ́n àlejò ò ní kọ́kọ́rọ́. Tí èyí tó wà lórí tábìlì bá ti ju èyí tó wà lọ́wọ́ èèyàn lọ, òfin ti dé. Láti yọ òfin kúrò ńkọ́? Gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé. Kí kankan má ṣẹ́ kù. Akọ̀wé kò rò pé ẹnikẹ́ni á fẹ́ yọ òfin.

Òfin omi kọ́kọ́ wá, ó dára. Òfin gbígbá àtẹ̀gùn. Òun náà dára. Lẹ́yìn náà, ẹnu wọn tọ́ ọ wò. Òfin lórí fífa àga nílẹ̀. Òfin lórí bàtà tó ń dún. Òfin lórí híha ọ̀fun lórí àtẹ̀gùn. Akọ̀wé kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i, ṣùgbọ́n kò sí òfin tí kò ní ojú. Òfin àga, Káfíńtà. Òfin ọ̀fun, Bàbá Òkè, àgbàlagbà tó ń dá gbé ní àjà tó ga jù. Òfin ẹ́ńjìnnì, Dírébà.

Ọkọ̀ Dírébà ti gbó. Tí kò bá pariwo fún ìgbà pípẹ́ láàárọ̀, kì í gbéra. Òfin ní kò gbọdọ̀ pariwo nínú ọgbà kí oòrùn tó yọ. Nítorí náà, ní gbogbo ìdájí, ó ń fi èjìká ti ọkọ̀ náà jáde sí títì, òun nìkan, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

Àǹtí Télọ̀ fẹ́ràn ìdìbò. Kọ́kọ́rọ́ yàrá wọn ló máa ń kọ́kọ́ dún lórí tábìlì. Lọ́jọ́ ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, ó ṣe é tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Dírébà, ẹ má bínú o. Oorun ìlú ló ń bẹ̀ yín."

"Ìlú wo, Àǹtí mi?"

"Èmi."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Dírébà kò rẹ́rìn-ín.

*

Nọ́ọ̀sì ń gbé ní àjà àárín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dírébà. Ọmọbìnrin tó mọ́ tónítóní, tó ń yára rìn, tí kì í fẹ́ ká béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin kan ń wá kí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin náà ń sọ̀kalẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń gbé ẹyin.

"Ẹ kú àárọ̀ sà," Àǹtí Télọ̀ ní, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ṣé ṣẹ́ẹ̀tì àná náà nìyí, àbí méjì tó jọra lẹ ní?"

Ọkùnrin náà kò padà wá ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Kò padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n pé sí ìpàdé, Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ dìde.

"Àbá mi ni pé kí gbogbo ilẹ̀kùn tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa wà ní títì, àfi tí èèyàn bá ń wọlé tàbí tó bá ń jáde."

"Ta lò ń bá wí?" Àǹtí Télọ̀ béèrè.

"Ilẹ̀kùn ni mò ń bá wí, Àǹtí."

"Ilẹ̀kùn ta ni?"

"Òfin kì í dárúkọ èèyàn," Akọ̀wé ní láti orí àga alága.

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i. "Ẹ dúró ná. Ibo lẹ fẹ́ kí n ti máa ránṣọ?"

"Nínú yàrá. Abala kìíní fún ọ lómìnira níbẹ̀."

"Òkùnkùn ló wà níbẹ̀."

"Ìwé òfin ò sọ nǹkan kan nípa òkùnkùn."

Wọ́n dìbò. Mẹ́rin lórí tábìlì, Dírébà ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ kalẹ̀, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Mẹ́rin lọ́wọ́ èèyàn. Ó ku kọ́kọ́rọ́ kan, tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ alága.

Akọ̀wé wo kọ́kọ́rọ́ náà. Ó túnra ṣe lórí àga.

"Tí mo bá di èyí mú," ó ní, "wọ́n á ní alága ń ṣojúsàájú ìyàwó rẹ̀."

"Ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀?" Àǹtí Télọ̀ béèrè.

"Àwa ò sọ nǹkan kan o, Akọ̀wé," Káfíńtà ní.

"Ẹ lè máa rò ó."

Ó gbé e kalẹ̀. Ó tiẹ̀ rọra gbé e kalẹ̀, pẹ̀lú ìka méjì, bí ẹni tó ń gbé adé. Òfin ti dé. Ojú rẹ̀ ń dán. Kò sí adájọ́ kan ní gbogbo kóòtù tó ti ṣiṣẹ́ rí tó ṣe irú òdodo bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó bí ẹni pé ẹni tó ń wọn aṣọ fún ni, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì ti yàtọ̀ sí ti àná.

*

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ kan ilẹ̀kùn Káfíńtà.

"Bá mi yọ ilẹ̀kùn mi."

"Yọ ọ́ bí ti báwo?"

"Kó kúrò níbẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Òfin ní kí ilẹ̀kùn máa wà ní títì. Ibi tí kò bá sí ilẹ̀kùn ńkọ́?"

Káfíńtà ronú sí i. Ẹ̀rín mú un tó bẹ́ẹ̀ tí ìṣó tó fi ẹnu há bọ́ sílẹ̀, tí wọ́n wá a fún ìgbà díẹ̀. Kí omi tíì tó hó, ilẹ̀kùn ti fara ti ògiri nínú yàrá, Àǹtí Télọ̀ sì ti jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Ìdajì nínú ilé, ìdajì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kún gbogbo ibẹ̀.

Akọ̀wé dé láti ibi tó ti lọ ra ìwé ìròyìn. Ó na ọwọ́ sí ọwọ́ ilẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ ló dì mú. Ó kọjá lọ mú ìwé òfin, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún kà á.

"Kò lòdì sí òfin," ó ní níkẹyìn, pẹ̀lú ohùn ẹni tó gé òkúta jẹ nínú ìrẹsì.

Ayọ̀ náà kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Nígbà ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Bàbá Òkè dìde. Kò ha ọ̀fun. Òfin kò gbà á láyè. Ó kàn dúró títí ọ̀fun rẹ̀ fi là fúnra rẹ̀.

"Akọ̀wé ń hanrun," ó ní. "Ó ń gba àtẹ̀gùn gòkè wá bá mi. Àbá mi ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe hanrun tí wọ́n á fi gbọ́ ọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀."

Akọ̀wé fò dìde. "Inú yàrá mi ni mo ti ń hanrun! Abala kìíní!"

"Níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì," Nọ́ọ̀sì ní. "Èwo ni ilẹ̀kùn yín, sà?"

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ gbólóhùn náà. Ó nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ láti dì í mú.

"Kọ́kọ́rọ́ yàrá ni ìwé sọ," Bàbá Òkè ní. "Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yẹn ò ṣí ibì kankan. Irin lásán ni."

Wọ́n dìbò láìka kọ́kọ́rọ́ tọkọtaya náà mọ́ ọn. Òfin ìhanrun dé. Nígbà tó sì ti rọrùn báyẹn, òfin lórí kíka ìwé ìròyìn sókè dé. Òfin lórí fífi ariwo fa tíì mu dé. Àǹtí Télọ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ó ń wo bí kọ́kọ́rọ́ àwọn ẹlòmíràn ṣe ń balẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ẹni tó yíjú.

Láti ọjọ́ náà, orí àga ni Akọ̀wé ń sùn, ìrọ̀rí lẹ́yìn ọrùn. Tó bá ti fẹ́ hanrun, á jí ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó di ẹni tó ń fi sùúrù fẹ́ tíì títí yóò fi tutù, kó lè mu ún láìdún.

"Jẹ́ kí wọ́n dá ilẹ̀kùn padà," ó ní láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Kí ẹ lè hanrun nínú òkùnkùn mi?"

"Ká lè ní ìbò ni."

"Ìbò tẹ́ ẹ fi tì mí mọ́lé?"

Akọ̀wé gbé ife sẹ́nu. Ó mu tíì tútù díẹ̀. "Ẹni tí ò ní kọ́kọ́rọ́," ó ní, "tábìlì ló kàn máa máa wò."

Èyí wọ Àǹtí Télọ̀ lára. Kì í ṣe nítorí pé ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì náà, ó sì mọ bó ṣe rí. Ó ránṣẹ́ pe Káfíńtà.

*

Nígbà tí ilẹ̀kùn padà sípò, Àǹtí Télọ̀ tì í. Ó tan iná lọ́sàn-án. Òjìji orí rẹ̀ bo aṣọ tó ń rán. Ó rán apá ọ̀tún sí òsì, ó tú u, ó tún rán an sí òsì. Àwọn tó ń bọ̀ wá wọn aṣọ á kan ilẹ̀kùn, Àǹtí Télọ̀ á ṣí i, wọ́n á wọlé, á tì í, wọ́n á dúró sínú yàrá bí ẹni tó wá jẹ́rìí. Wọn kì í pẹ́.

Ẹsẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Èyí ni Bàbá Òkè, èyí ni Dírébà, èyí ni Nọ́ọ̀sì, kò sí èyí tó ń ṣi mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kì í wọ kọ́là. Kí ló fẹ́ sọ fún ẹsẹ̀?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.

"Ta ni?"

"Èmi ni."

"Èmi wo? Mi ò ríran dé ìta."

"Nọ́ọ̀sì ni, Àǹtí."

"O fẹ́ wọlé ni, àbí ò ń jáde? Òfin ò mọ ẹni tó dúró."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Sípù mi já."

Ẹ̀rọ dákẹ́ nínú yàrá.

"Níbo?"

"Lẹ́yìn."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àárọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Bàbá kan tí mo fẹ́ gún lábẹ́rẹ́ ló ní kí n kọ́kọ́ lọ wọṣọ."

"O kọjá níbí láàárọ̀. Mo gbọ́ bàtà ẹ."

"Mo mọ̀."

"Ká ní mo rí ẹ ni..."

"Mo mọ̀, Àǹtí."

Ilẹ̀kùn ṣí. Àǹtí Télọ̀ yí i padà lábẹ́ iná, ó fi abẹ́rẹ́ há ẹnu, ó ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ gbọ́," Nọ́ọ̀sì ní, ó kọjú sí ògiri. "Mo fẹ́ kí ẹ máa rí èmi. Mi ò fẹ́ kí ẹ máa rí i."

"Ta ni?"

"Ẹ mọ ẹni náà."

"Ojú kan náà ni mo ní fún gbogbo yín."

"Ojú yín ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹnu yín ni."

Àǹtí Télọ̀ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó ronú. Ó hàn pé ohun tí Nọ́ọ̀sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ wúwo.

"Títì ẹnu mi nira ju ti ilẹ̀kùn lọ o," ó ní. "Ṣùgbọ́n tó bá ń kọjá, màá máa wo aṣọ tí mò ń rán. Ṣé wàá gbé kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀?"

"Màá gbé e."

"Gbogbo kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń béèrè."

"Èyí ti di ọ̀ràn yín àti Dírébà," Nọ́ọ̀sì ní. "Ẹ má mí sí mi lẹ́yìn, ó tutù."

*

Ọjọ́ Àìkú. Àǹtí Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé àbá kalẹ̀: kí wọ́n yọ òfin ilẹ̀kùn kúrò, kí wọ́n sì gé ìparí abala kìíní. Nọ́ọ̀sì gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Káfíńtà gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Dírébà ká ọwọ́ pọ̀.

"Àǹtí mi, ẹ rántí oorun ìlú?"

"Mo rántí."

"Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ti ọkọ̀. Ìlú ò bá mi tì í rí."

"Mi ò mọ̀ pé ó wúwo tó bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò béèrè."

Àǹtí Télọ̀ yọ téèpù lọ́rùn. Ó jẹ́ ohun tí ojú ilé náà kò rí rí. "Ẹ fi ẹ́ńjìnnì yín kún un," ó ní. "Kí wọ́n yọ méjèèjì pọ̀."

"Tí ẹ́ńjìnnì bá ti wọ̀ ọ́," Bàbá Òkè sáré dá sí i, "ọ̀fun mi náà á wọ̀ ọ́."

"Àga mi!" Káfíńtà kígbe, ó sì nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́ tó ti gbé kalẹ̀.

"Ìhanrun," Akọ̀wé ní lábẹ́lẹ̀.

"Àga lè dún, ìhanrun ò lè dún," Bàbá Òkè ní.

"Nígbà náà, ọ̀fun yín ò lè dún."

"Ó dáa, kó máa dún."

Bí wọ́n ṣe ń nájà rèé títí oòrùn fi yí sẹ́yìn ilé. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí ariwo ẹnì kejì rẹ̀ padà; gbogbo wọn ló fẹ́ tiwọn. Ariwo kan fún ariwo kan. Akọ̀wé ń fa ìlà gba orí òfin kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á jáde kó tó pa á rẹ́, bí ẹni tó ń dárúkọ ọmọ rẹ̀. Òfin omi àti òfin àtẹ̀gùn nìkan ni kò sí ẹni tó ní kí wọ́n yọ. Kọ́kọ́rọ́ Dírébà balẹ̀. Ti Bàbá Òkè balẹ̀, ti àwọn yòókù náà balẹ̀. Ó ku ọ̀kan.

Ó wà lọ́wọ́ Àǹtí Télọ̀. Ó na án sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ máa gbé e."

Akọ̀wé wo ìwé. *Níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá wà ní títì.* "Ibẹ̀ yẹn ló dùn jù nínú gbogbo ẹ̀," ó ní. "Orí mi wú nígbà tí mo kọ ọ́."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n á ní ìyàwó mi ló ń darí mi."

"Ẹ bi wọ́n léèrè."

Ó gbójú sókè. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀, láìlo ìka méjì, ó kàn jù ú sílẹ̀ bí irin. Ó fa ìlà náà.

Kí wọ́n tó kúrò lórí ìjókòó, Dírébà ti wọ inú ọkọ̀ rẹ̀. Kò ń lọ síbì kankan. Ó kàn tan án. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó bú ramúramù, èéfín bo aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Bàbá Òkè ha ọ̀fun láti àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ dé òkè pátápátá. Káfíńtà ń fa àga láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, kò sí ẹni tó jókòó lórí rẹ̀.

Àǹtí Télọ̀ ṣí ilẹ̀kùn gbagada, ó ti ẹ̀rọ jáde sínú ìmọ́lẹ̀ tó kù, ó jókòó. Ó tẹ ẹ̀rọ. Kò gbọ́ ọ. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń lọ.

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní ariwo yìí ti pọ̀ jù!" Akọ̀wé kígbe. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń wá bírò nínú àpò. "Ó yẹ ká..."

"Ó pọ̀ lóòótọ́," ìyàwó rẹ̀ kígbe padà. Ó fi ẹsẹ̀ fa àpótí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, sẹ́nu ọ̀nà, ìdajì nínú ilé, ìdajì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ sún mọ́ ibí, kí n lè máa gbọ́ yín."